Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Igbe Ẹyọ Kan, Ìgbà 633

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn forí lé: ọ̀rọ̀ tí olùdíje sọ lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn oníròyìn ń tún gbé títí tó fi di nǹkan mìíràn. Mẹ́fà la mú.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní igbe ẹyọ kan ṣoṣo ló ba ti olùdíje kan jẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004. Mo wo fídíò náà, ọkùnrin yẹn sì jọ ẹni tí nǹkan ń ṣe lóòótọ́. Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn oníròyìn níbẹ̀? (Olùkà láti Ìbàdàn)

Ohun tí ẹ gbọ́ nínú fídíò yẹn kọ́ ni ohun tí àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn gbọ́. Ẹjọ́ náà ò ju ìyẹn lọ.

Howard Dean, gómìnà ìpínlẹ̀ Vermont nígbà kan, ló ń wá àṣíá ẹgbẹ́ Democrat láti fi bá George W. Bush du ipò ààrẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004, èsì ìdìbò abẹ́lé ti Iowa jáde. John Kerry mú nǹkan bí ìdá 38 nínú ìdá 100, John Edwards mú 32, Dean tí ọ̀pọ̀ ti ń pè ní aṣíwájú mú 18. Ó bọ́ sórí pèpéle nínú gbọ̀ngàn Val-Air Ballroom ní West Des Moines, níwájú alátìlẹ́yìn bí 3,500 tí wọ́n ti fi òtútù Iowa kan ilẹ̀kùn kiri nítorí rẹ̀. Ó ti bọ́ kóòtù, ó ti ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ń ka àwọn ìpínlẹ̀ tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan: New Hampshire, South Carolina, Oklahoma, Arizona, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé Washington, níbi tó ní àwọn ti máa gba White House padà. Ibẹ̀ ló ti ké "Yeah!" Igbe náà ò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Máìkì ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń gbọ́ iwájú, tó ń di etí sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Irú rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá nílẹ̀ wa, kí ohùn olórin má baà rì sínú ìlù. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ wò ó. Ká ní máìkì wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹnu, kí èrò tó sún mọ́ ọn jù wà ní mítà 5. Èrò fi ìlọ́po 100 jìnnà ju ẹnu lọ. Bí jíjìnnà bá ti di ìlọ́po méjì, ohùn á fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 (òṣùwọ̀n ariwo ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì) lọ sílẹ̀. Tó bá di ìlọ́po 100, ó ti di 40. Ògiri gbọ̀ngàn á dá díẹ̀ padà nínú ariwo náà, ṣùgbọ́n kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Èrò tó ń hó débi pé àwọn tó wà níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Dean wá di ìró tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ nínú máìkì. Dean nìkan ló kù, tó ń pariwo mọ́ atẹ́gùn. Ẹni tó bá sì ti sọ̀rọ̀ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tó ń ṣe é: bí o kò bá gbọ́ ohùn ara rẹ, wàá gbé e sókè láìmọ̀.

Ohùn máìkì yìí gba inú wáyà lọ sínú àpótí tí àwọn akọ̀ròyìn ń ki wáyà tiwọn bọ̀, ni gbogbo ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bá gbé ohùn kan náà relé. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ẹnì kankan ò kàn béèrè pé: èrò 3,500 yẹn dà?

Àwọn tó kà á ní láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn ìkànnì ńláńlá gbé igbe náà sáfẹ́fẹ́ ní ìgbà 633, láìka ti àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Fídíò náà kúrú, kò náwó, kò sì fẹ́ àlàyé, ìkànnì tó ń ka ìròyìn fún wákàtí 24 sì ní ààyè rẹpẹtẹ láti dí. Bó ṣe máa ń lọ nìyí: lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n á gbé e nítorí pé ìròyìn ni, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e kí wọ́n lè béèrè ohun tí aráàlú rí sí i, wọ́n á tún gbé e kí wọ́n lè fi hàn wá bí àwọn aláwàdà ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nígbẹ̀yìn wọ́n á gbé e kí wọ́n lè béèrè bóyá àwọn ò ti gbé e jù. Nígbà tí Diane Sawyer ti ABC wá fídíò tí àwọn tó wà láàárín èrò yà, igbe ọ̀hún ò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú wọn. CNN náà gbà pé àwọn gbé e jù. Etí ti kún nígbà yẹn.

Ohun kan ṣì wà tí àtúngbé náà bò mọ́lẹ̀. Dean ti gba ipò kẹta *kó tó* ké. Ní New Hampshire lọ́jọ́ 27 oṣù náà, ó mú 26, Kerry mú 38. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ó fi ìpolongo sílẹ̀. Ẹni tó bá ní igbe ló pa á, ẹ bi í pé ta ló tì í sí ipò kẹta ní Iowa nígbà tí kò tíì la ẹnu.

Akọ̀ròyìn rédíò ni mí. Àpótí ohùn tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá gbé kalẹ̀ ni mo máa ń ki wáyà bọ̀, nítorí ohùn ibẹ̀ mọ́. Ṣé kí n má lò ó mọ́ ni? (Abẹ́òkúta)

Ẹ máa lò ó. Ẹ má kàn lò ó nìkan.

Ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kejì dání. Fóònù tó dára tó. Ẹ gbé e sórí àga tàbí ẹsẹ̀ kámẹ́rà láàárín èrò, mítà 10 sí 15 sí pèpéle, kì í ṣe sínú àpò, kì í sì í ṣe níwájú sípíkà. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má baà já a. Fóònù ní àṣà kan tó máa ń ṣini lọ́nà: bí ariwo bá pọ̀, á fúnra rẹ̀ fà á wálẹ̀, bí ibẹ̀ bá dákẹ́, á fà á sókè, igbe àti ìsọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ á wá dọ́gba. Bí áàpù yín bá gbà kí ẹ pa àtúnṣe yẹn, ẹ pa á. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró níbi tí ẹ̀rọ méjèèjì ti lè gbọ́ yín, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìró àtẹ́wọ́ yẹn lẹ máa fi to ohùn méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé e.

Nígbà ìgékúrú, ẹ fi ohùn èrò sábẹ́ ohùn olùdíje títí yóò fi dà bí ẹni tó dúró sáàárín gbọ̀ngàn ṣe gbọ́ ọ. Ẹ ṣọ́ra: ẹni tó bá fi èrò pọ̀ jù ti ń ṣe ìpolongo fún olùdíje. Ẹni tó bá sì mú hòò ibòmíràn wá lẹ̀ mọ́ ọn ti kúrò nínú iṣẹ́ ìròyìn, ó ti bọ́ sídìí eré. Bó bá jẹ́ ohùn àpótí nìkan lẹ rí mú bọ̀, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "Inú máìkì olùdíje nìkan ni ohùn yìí ti wá, ariwo èrò ò sí nínú rẹ̀." Ẹ fi kún un pé ìṣẹ́jú mélòó ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà gbà. Olùgbọ́ tó mọ̀ pé ìṣẹ́jú-àáyá 10 lòun ń gbọ́ nínú ìṣẹ́jú 20 á gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí, èmi ni mo ń ka àkọlé ìwé ìròyìn láàárọ̀. Bí ìwé ìròyìn mẹ́ta bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà, ṣé ẹ̀rí ò tíì pé ni? (Òṣogbo)

Ìwé ìròyìn mẹ́ta lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wọ agbádá mẹ́ta. Nígbà míì sì rèé, ẹlẹ́rìí ọ̀hún ò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1992, New York Times gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́ pé ẹnu ya George Bush àgbà nígbà tó rí ẹ̀rọ tó ń ka àmì ara ọjà ní sọ́pà. Ìtumọ̀ tí gbogbo ayé fún un ni pé ààrẹ ò mọ bí mẹ̀kúnnù ṣe ń ra nǹkan. Ìpàtẹ àwọn oníṣòwò oúnjẹ ní Orlando ni Bush wà. Ẹni tó kọ ìròyìn náà ò dé ibẹ̀. Ìpínrọ̀ méjì tí akọ̀ròyìn Houston Chronicle kọ lórúkọ gbogbo àwọn tó kù ló fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ọ̀hún sì kọjá èyí tí wọ́n ń lò ní sọ́pà nígbà yẹn: ó ń ka àmì tí wọ́n ti fà ya sí wẹ́wẹ́. Ẹnu tiwa náà ì bá yà.

Èyí tó le jù ni ti Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, tó ń du ipò ààrẹ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1999, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Concord High School ní New Hampshire sọ̀rọ̀ lórí májèlé tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó mẹ́nu kan ìlú kékeré kan, Toone, ní Tennessee ìpínlẹ̀ rẹ̀, àti Love Canal, àdúgbò kan ní New York tí irú májèlé bẹ́ẹ̀ wà. Ó wá sọ nípa Toone pé èyí tí wọn ò gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n "*ìyẹn* ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀." Washington Post àti New York Times gbé e jáde pé ó ní "*èmi* ni mo bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀." Arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n yí, ìlú Toone di Al Gore. Kò pẹ́ tí àwọn onísọ̀rọ̀ orí amóhùnmáwòrán fi sọ ọ́ di pé ó ní òun lòun ṣàwárí Love Canal. Ìwé ìròyìn ńlá méjì, àṣìgbọ́ kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ní fídíò lọ́wọ́, àwọn ló pariwo síta. Síbẹ̀ ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí àtúnṣe tó jáde.

Nítorí náà, kí ètò yín tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àkọlé: ṣé orúkọ akọ̀ròyìn ló wà níbẹ̀ ni, àbí NAN, ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba àpapọ̀? Bí ìwé ìròyìn mẹ́ta bá mú un láti ọ̀dọ̀ NAN, ẹ kà á sí ẹyọ kan. Bí gbólóhùn bá bára mu láìyẹ̀ kódà níbi tí ìpèdè ti ṣì, ẹnì kan ló kọ ọ́. Ẹ wá àmì àyọlò nínú ìròyìn náà fúnra rẹ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà ni àkọlé máa ń gbé "ó fọ́nnu", "ó halẹ̀", tí inú ìròyìn ò sì ní ju "ó sọ" lọ. Èyí tó wà nínú ìròyìn ni kí ẹ kà. Ẹ sì jọ̀ọ́, orin òwe àti ẹ̀rín kèékèé tó ń dá ètò yẹn lárinrin, ẹ fi í sẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá ti ka ọ̀rọ̀ olùdíje tán. Bí ẹ bá ti fi ẹ̀rín sí i kó tó dé etí, olùgbọ́ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀rín ló gbọ́.

Ọmọ mi tí mo bí sí Lọ́ńdọ̀nù rí "emilokan" lára fìlà kan, ó ní ṣé "ẹ̀mí àti ọkàn" ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé èmi náà ò mọ bí gbólóhùn tó ti jáde wá ṣe lọ.

Ó jọ ẹ̀mí l'ọkàn lóòótọ́ tí a kò bá fi àmì sí i. *Èmi ló kàn* ni. Bọ́lá Ahmed Tinúbú ló sọ ọ́ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2022, níwájú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ APC ti ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà tí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà ò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ mọ́. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní Yorùbá ló kàn, àti pé láàárín Yorùbá, òun ló kàn. Àkọlé ìròyìn mú apá kejì, ó fi àkọ́kọ́ sílẹ̀, àwọn tó fẹ́ ọkùnrin náà àti àwọn tí kò fẹ́ ẹ sì jọ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn kiri. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ àríyànjiyàn lórí bí ipò ṣe ń yí káàkiri, tí èèyàn lè gbà tàbí kó kọ̀. Apá kejì nìkan dún bí ẹni tó ń béèrè ogún bàbá rẹ̀.

Èyí tó ń bí wa nínú ju ìyẹn lọ ni ìròyìn Yorùbá tí wọ́n tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti kọ́kọ́ tú láti inú Yorùbá. *Ó kàn mí*, bí ẹni tó tò nídìí ẹ̀rọ omi ṣe máa wí, kò rí bí *àkókò mi ti tó*. Bí Yorùbá bá ni olùdíje sọ, ohùn Yorùbá rẹ̀ ni kí akọ̀ròyìn wá rí.

Gbogbo olóṣèlú ló ń ké pé wọ́n gé ọ̀rọ̀ òun kúrú. Báwo ni èmi tí fídíò bá lórí WhatsApp ṣe máa mọ ẹni tó ń sọ òtítọ́? (Adó-Èkìtì)

Ẹ wá ìṣẹ́jú méjì ṣáájú ibi tí fídíò náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wo bóyá ìtumọ̀ yí padà. Mitt Romney, tó du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, fún wa ní àpẹẹrẹ méjèèjì lọ́dún kan náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ní Nashua, ó ní òun fẹ́ràn kí òun lè lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ dá fídíò padà sẹ́yìn díẹ̀: ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera ló ń sọ, pé bí wọn ò bá ṣe dáadáa, kí èèyàn lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ yí pátápátá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, fídíò mìíràn jáde níbi tó ti ń sọ fún àwọn olówó pé ìdá 47 nínú ìdá 100 àwọn ará Amẹ́ríkà gbára lé ìjọba, wọn ò sì ní dìbò fún òun. Ìwé ìròyìn Mother Jones tó kọ́kọ́ gbé e gbé èyí tó gùn jáde lẹ́yìn náà. Àwọn ènìyàn wò ó. Ìtumọ̀ ò yẹ̀. Igbe "wọ́n gé mi" ò ran ti ẹ̀ẹ̀kejì.

Lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fi ránṣẹ́: níbo, ọjọ́ wo? Bí kò bá mọ̀, ẹ ya àwòrán ojú fídíò níbi tí àsíá tàbí orúkọ gbọ̀ngàn ti hàn, kí ẹ fi Google Lens wá a. Ẹ fi ìlú, ọjọ́ àti orúkọ olùdíje wá odidi rẹ̀ lórí YouTube. Channels, TVC àti Arise sábà máa ń gbé ìpàdé ńlá sórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ rántí pé ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀, kì í ṣe dandan ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá rí odidi, ẹ dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ẹ tẹ́tí sí ariwo ẹ̀yìn: bó bá ṣàdédé fò, tí èémí olùsọ̀rọ̀ sì já láàárín, wọ́n ti gé nǹkan níbẹ̀. Ọfà méjì tí WhatsApp ń fi sórí ọ̀rọ̀ ń sọ pé ó ti gba ọwọ́ márùn-ún ó kéré tán kó tó kàn yín. Bó ṣe tàn nìyẹn ń sọ. Kò sọ bóyá òótọ́ ni.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá ń lọ láti ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Kí lẹ wá ń dààmú sí? (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ogún ọdún ti kọjá lórí ti Al Gore, òtítọ́ ṣì wà lọ́nà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1999, ó sọ fún Wolf Blitzer lórí CNN pé nígbà tí òun wà nílé aṣòfin, òun mú ipò iwájú nínú dídá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Gbólóhùn yẹn fọ́nnu díẹ̀, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n "mo ṣẹ̀dá íntánẹ́ẹ̀tì" ni ayé ń tún wí, títí dòní.

Ìdí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1977, Lynn Hasher, David Goldstein àti Thomas Toppino gbé gbólóhùn 60 kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ méjì síra wọn, pé kí wọ́n sọ èyí tó dà bí òótọ́. Ogún nínú rẹ̀ ń padà wá nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyókù ń jẹ́ tuntun. Àwọn tó ń padà wá ń dà bí òótọ́ sí i, ìbáà jẹ́ irọ́ tàbí òótọ́. Àtúnsọ nìkan ló ṣe é.

Ibẹ̀ ni àtúnṣe ìròyìn ti máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́: ó fi irọ́ ṣe àkọlé, ó tún gbé fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá fi "kò rí bẹ́ẹ̀" há ìdí rẹ̀. Ẹ fi òótọ́ ṣíwájú, ẹ dárúkọ irọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láàárín, ẹ fi òótọ́ parí rẹ̀, ẹ má sì gbé fídíò náà. Bí a bá ní ká kà á lórí rédíò, bó ṣe máa lọ nìyí:

"Al Gore ló gbé òfin ọdún 1991 wá, èyí tó gbé owó kalẹ̀ fún síso kọ̀ǹpútà pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1999 ó ní òun mú ipò iwájú nínú iṣẹ́ yẹn. Àwọn kan yí i sí pé ó ní òun ló ṣẹ̀dá íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Vint Cerf àti Bob Kahn, àwọn tó kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀wé lọ́dún 2000 láti jẹ́rìí sí iṣẹ́ tó ṣe."

Ẹ fi aago wò ó. Kò pé ìṣẹ́jú kan.